Hámánì: orúkọ tí wọ́n ń pariwo lé lórí

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹni tó bá ti wọ ibi àdúrà òru nílẹ̀ wa rí mọ Hámánì. Ẹni tó gbẹ́ kòtò dè wá, tó ri igi mọ́lẹ̀ dè wá, òun là ń pè bẹ́ẹ̀, a ó sì máa bẹ Olúwa kí igi náà gbé e kọ́. Lẹ́nu wa, Hámánì lè jẹ́ ọ̀gá ibiṣẹ́, ó sì lè jẹ́ ìyàwó bàbá ẹni. Àwọn Júù tó ni ìwé náà kì í sábà mú un bí ọ̀rọ̀ ilé ẹnìkan ṣoṣo báyẹn. Bí wọ́n ṣe ń mú un ni mo bá wá.

Ẹ rántí ìtàn inú Ìwé Ẹ́sítérì. Ahaswérúsì ọba Páṣíà gbé Hámánì lékè gbogbo ìjòyè, ó ní kí àwọn ìránṣẹ́ ẹnu ọ̀nà ààfin máa wólẹ̀ fún un. Módékáì ò wólẹ̀. Ká má tan ara wa, ibí yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́ ọmọ Yorùbá nínú: ìjòyè ọba ń kọjá, ẹnìkan jókòó gẹlẹtẹ! Ìwé náà ò sì ṣàlàyé ju pé Módékáì ní Júù lòun. Àwọn rábì àtijọ́ ló ní Hámánì fi ère òrìṣà sára aṣọ rẹ̀, pé ẹni tó bá wólẹ̀ fún un ti bọ òrìṣà.

Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ gba tiwọn. Orúkọ ìdílé ni mo máa ń wò. Ara Agagi ni wọ́n pe Hámánì, Agagi sì ni ọba Ámálékì tí Sọ́ọ̀lù ọmọ Kíṣì dá sí nígbà tí wọ́n ní kó pa á. Ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì ni Sọ́ọ̀lù. Ẹ̀yà Bẹ́ńjámínì náà ni Módékáì, Kíṣì sì wà nínú orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ìjà àgbà ni o. Àwọn ọmọ ọmọ ló wá ń jà á ní Ṣúṣánì, ìlú ààfin ọba Páṣíà.

Ní Sábáàtì tó ṣáájú ọdún Púrímù, ọdún tí àwọn Júù fi ń rántí bí wọ́n ṣe bọ́ nígbà tí Hámánì fẹ́ pa gbogbo wọn run, wọ́n máa ń ka ibi tí Mósè ti pàṣẹ nípa Ámálékì nínú Diutarónómì 25: pa ìrántí rẹ̀ rẹ́, má sì gbàgbé. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe méjèèjì pọ̀?

Ariwo ni wọ́n fi ń ṣe é. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 14 oṣù Ádárì nínú kàlẹ́ńdà àwọn Júù, wọ́n á tú ìwé kíká Ẹ́sítérì nínú sínágọ́gù. Bí òǹkàwé bá ti dé orí "Hámánì", àwọn ọmọdé á fi raashan wọn yí po, ohun ìṣeré kan tó ń ké kà-kà-kà, àwọn àgbà á máa jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn kan a máa kọ orúkọ náà sí àtẹ́lẹ̀ bàtà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi parẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ni pé kí wọ́n gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan. Òǹkàwé á dúró kí ariwo rọlẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Orúkọ tí wọ́n fẹ́ bò mọ́lẹ̀ ni wọn ò gbọdọ̀ má gbọ́! Tó bá wá kan orúkọ àwọn ọmọ Hámánì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, èémí kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ fi kà wọ́n tán, torí Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́, ní ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n kú.

Ayẹyẹ yìí ti kó wọn sí wàhálà rí. Lọ́dún 408, Olú Ọba Róòmù Theodosius Kejì fòfin dè é pé kí wọ́n má dáná sun ère Hámánì mọ́, torí àwọn Kristẹni ní àgbélébùú ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín. (Ẹ̀yin Mùsùlùmí, Hámánì inú Àlùkùránì ńkọ́? Ẹ̀gbẹ́ Fir'aunà nìyẹn, ìtàn mìíràn ni.)

Ṣùgbọ́n Talmud kan náà ò fi Hámánì sílẹ̀ bí iwin. Wọ́n ní nígbà tí ọba ní kó lọ wọ Módékáì láṣọ ọlá, Módékáì ní òun ò lè wọṣọ ọba láìwẹ̀, láìgẹrun. Ẹ́sítérì sì ti ní kí gbogbo onígbàjámọ̀ ìlú tilẹ̀kùn. Ni Hámánì bá mú sísọ́ọ̀sì, ó ń gẹ irun ọ̀tá rẹ̀, ó ń mí ìmí ẹ̀dùn. Módékáì dá a lóhùn: ìwọ ọ̀dájú yìí, ṣebí onígbàjámọ̀ ni ọ́ tẹ́lẹ̀? Wọ́n ní ọdún 22 ló fi ṣe iṣẹ́ náà.

Gbólóhùn kan tún wà nínú Talmud tí mo kà, tí mo tún padà kà: àwọn kan nínú àwọn ọmọ ọmọ Hámánì kọ́ ẹ̀kọ́ Tórà, Òfin Mósè, ní Bẹ́nẹ́ Bẹ́rákì. Ìlú kan ń jẹ́ orúkọ náà títí dòní, ẹ̀gbẹ́ Tel Aviv ní Ísírẹ́lì ló wà, ó kún fún ilé ẹ̀kọ́ Tórà. Bí Púrímù bá dé, àwọn ọmọdé ibẹ̀ náà á gbé raashan wọn jáde.