Dídúró Gbọin Lórí Kọ̀ǹpútà Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Lórí Bí Prion Ṣe Ń Ká Sódì

Ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ti mọ̀ nípa àrùn wèrè màlúù àti kuru tó ń mú èèyàn, àrùn ọpọlọ ni méjèèjì, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ká dì mú ni pé pùrótéènì kan ṣoṣo, PrP, lè ká sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà àkọ́kọ́ kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó bá ká sí ọ̀nà kejì a máa so mọ́ ti àkọ́kọ́, a sì sọ ọ́ di irú ara rẹ̀. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stanley Prusiner ló sọ irú kejì tó ń ràn yìí ní prion ní 1982. Àwọn èèyàn bá a jiyàn kíkankíkan kó tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1997.

Láàárín 1996 sí 1997 la rí ìrísí àkọ́kọ́ kedere: ìyípo alpha mẹ́ta (ibi tó lọ́ bí okùn), beta kúkúrú méjì (ibi tó nà gbọọrọ), àti ìrù gígùn tí kò dúró lójú kan. Ìrísí kejì ló le. Ṣe ló máa ń dì pọ̀ di fọ́nrán, kì í yòrò, àwọn ohun èlò tí a fi rí ti àkọ́kọ́ kò sì ràn án. Ibẹ̀ làwa oníkọ̀ǹpútà ti wọlé.

Bí iṣẹ́ wa, tí à ń pè ní àfarawé, ṣe rí nìyí. A ó fi PrP sínú omi orí kọ̀ǹpútà, a ó ṣírò bí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ṣe ń fa èkejì tàbí tì í, a ó sún gbogbo wọn díẹ̀, a ó tún ṣírò. Ìsún kan kì í sábà ju femtosecond méjì lọ, àkókò tó kéré jọjọ. Kí a tó rí microsecond kan péré, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, a ti sún wọn nígbà 500 mílíọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ kuru lè wà lára èèyàn fún ohun tó lé ní 50 ọdún kó tó yọjú! Nítorí náà, ọ̀nà àbùjá ni gbogbo wa ń gbà. Àwọn kan á fi PrP sínú omi kíkan, kó lè tètè yí padà. Àwọn mìíràn á fọwọ́ ara wọn to ìrísí kejì, wọ́n á wá wò ó bóyá yóò dúró.

Ọ̀rọ̀ dídúró yìí ni mo ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fà, n kò sì ní dẹ́kun. Bí ilé kò bá wó láàárín ìṣẹ́jú kan tí a fi wò ó, ṣé ìyẹn ló máa jẹ́ ká mọ ẹni tó ni ín? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 2004, DeMarco àti Daggett gbé àwòṣe oníyìípo kan jáde láti inú àfarawé omi kíkan. Púpọ̀ nínú alpha ló ṣì wà níbẹ̀. Ní 2014, àwọn kan ní PrP máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀kan lórí èkejì, kọ̀ǹpútà sì ní àwòṣe wọn dúró. Ní 2019, àwọn mìíràn ní rárá, PrP kọ̀ọ̀kan ń lọ́ yípo ní ipele mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà tún ní tiwọn náà dúró. Àwòṣe méjì tí kò lè jọ jẹ́ òótọ́, kọ̀ǹpútà ń bá àwọn méjèèjì gbè!

Ní 2021, wọ́n fi cryo-EM, ẹ̀rọ tó ń sọ ohun tí a mú dì nínú òtútù di ńlá lójú, wo fọ́nrán prion láti inú ọpọlọ hamster, ẹranko kékeré kan tó jọ eku. Pẹrẹsẹ ni PrP tò, ọ̀kan lórí èkejì. Alpha kankan kò ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. Mo ṣì ń ka ìwé ìwádìí tó ń fi “ó dúró” ṣe ẹ̀rí, ó sì ń dùn mí.

Ibí ni arábìnrin kan ti nawọ́ sókè, tó béèrè pé: “Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ṣé iṣẹ́ 2019 yẹn ti ṣòfò nìyẹn?” Mo ní ọ̀rọ̀ mìíràn nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí ló yẹ kí n dáhùn.

Kò ṣòfò o. Ọ̀nà ìṣirò tí wọ́n lò kì í fọwọ́ kan pùrótéènì bó bá ń lọ síbi tí a ní kó lọ. Ìgbà tó bá ń padà sẹ́yìn nìkan ló ń fà á. Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ń lọ. Ní 2019, ibi tí wọ́n júwe fún un kò tọ̀nà. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn èèyàn yẹn kan náà, Biasini àti Faccioli, tún lo ọ̀nà yìí láti wo bí PrP ṣe ń ká dáadáa, níbi tí a ti mọ òpin ìrìn àjò láti 1996. Wọ́n rí ìrísí agbedeméjì kan tó ní kòtò tí oògùn lè wọ̀. Wọ́n wá èròjà tó bá kòtò náà mu, wọ́n rí SM875, wọ́n dán an wò nínú sẹ́ẹ̀lì, PrP sì dín kù. Wọ́n gbé e jáde ní 2021. Ọ̀nà kan náà ni o! Òpin tó tọ́ ló yàtọ̀, àti pé wọ́n sọ ohun tí yàrá ìwádìí lè já ní koro.

Àkókò ti lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré. Ọ̀pọ̀ àfarawé ṣì ń yọ ṣúgà ara PrP àti ìdákọ̀ró tó so ó mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì sílẹ̀, kò yẹ. Lẹ́yìn èyí, àwọn ará Fore ní Papua New Guinea, tí kuru pa púpọ̀ nínú wọn: àwọn kan láàárín wọn ní ìyípadà G127V nínú PrP wọn (èròjà valine ló rọ́pò glycine ní ojú 127), eku tí gbogbo PrP rẹ̀ sì ní ìyípadà yìí kò gba irú prion tí wọ́n dán wò. Ojú 127 yìí wà nínú apá tó ká sínú fọ́nrán tí cryo-EM fi hàn. Ẹ̀yin tí ẹ ní kọ̀ǹpútà tó lágbára, ẹ fi valine síbẹ̀ nínú ìrísí 2021, kí ẹ sì sọ ibi tí ìtòpọ̀ yóò ti kọ́kọ́ dàrú, kí àwọn ti yàrá ìwádìí tó wò ó.