Ẹjọ́ Ìdí Igi: Bí Ìdájọ́ Àtijọ́ Ṣe Ń Darí Ẹjọ́ Òní

Ní ọdún 1940 ni Suberu Dawodu kú ní Èkó láì ṣe ìwé ìhágún. Ìyàwó mẹ́rin ló ní, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́sàn-án fún un. Nígbà tó yá, àríyànjiyàn lórí ogún di ti kóòtù. Ṣé ìdí igi ni wọn yóò fi pín in, kí ó jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin bí àwọn ìyá ṣe jẹ́, àbí orí ò jorí, kí ó jẹ́ ọ̀nà mẹ́sàn-án?

Ká ní ọmọ kan ṣoṣo ni ìyá kan bí, tí orogún rẹ̀ sì bí mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ ìdí igi, ọmọ kan yẹn nìkan ni yóò gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Àwọn mẹ́rin yòókù á jọ pín irú ìdá kan náà. Ẹ ò rí i pé ìjà lè bẹ́ sílẹ̀!

Adájọ́ àkọ́kọ́ ní ìdí igi kò bá ayé òde òní mu mọ́. Ní 1958, kóòtù àgbà ìjọba àpapọ̀ dá ìyẹn nù. Ó ní ìdí igi ni àṣà Yorùbá, àmọ́ bí àwọn ọmọ bá ń jà, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n fi orí ò jorí pín in, ìpinnu rẹ̀ ló sì máa lékè. Ìgbìmọ̀ Privy Council ní London, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìkẹyìn láti àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣàkóso, fọwọ́ sí i ní 1962. A ti gba òmìnira nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni ẹjọ́ wa ṣì ń parí sí títí di 1963.

Láti ìgbà náà, ìdájọ́ yìí ti kúrò ní ti ẹbí Dawodu nìkan; òun ni àwọn adájọ́ ń tẹ̀ lé nínú ẹjọ́ tó bá jọ ọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìdájọ́ ló ń de adájọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí tí ẹjọ́ náà dúró lé ló ń dè é. Ohun tí adájọ́ kàn mẹ́nu bà, a lè gbọ́ ọ, kò di dandan ká tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ lọ́yà wà. Ọ̀kan á gbé ìdájọ́ Dawodu síwájú adájọ́, èkejì á ní, "Olúwa mi, tiwa yàtọ̀, bàbá wa ṣe ìwé ìhágún."

Ẹsẹ̀ 287 nínú òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló ní kí gbogbo kóòtù tẹ̀ lé ìdájọ́ Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Òun fúnra rẹ̀ lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, ó sì ti ṣe é rí.

Inú mi máa ń dùn sí ẹjọ́ Lewis àti Bankole, ní Èkó, 1908. Kóòtù ní bí àkọ́bí ọkùnrin tó jẹ́ olórí ẹbí bá kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù ló kàn, ì báà ṣe obìnrin. Títí dòní ni obìnrin lè fi ìdájọ́ yẹn gbèjà ara rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ fetí sí èyí. Ẹsẹ̀ 17 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 sọ pé bí kóòtù gíga bá ti dájọ́ lórí àṣà kan, lẹ́ẹ̀kan péré, adájọ́ mìíràn lè gbà á bẹ́ẹ̀ láì tún pe ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, àgbà tó bá lọ́ àṣà po ní kóòtù láti gbe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ rí ló ń pín ogún fún. Olórí ẹbí tó bá sì ti yan orí ò jorí, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó buwọ́ lù ú níwájú àwọn ọmọ, nítorí ohun tí kóòtù máa béèrè nìyẹn: ṣé olórí ẹbí pinnu, àbí kò pinnu?