Àwọn Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Kó Àrùn àti Àwọn Tó Ń Bá A Gbé: Òǹkà Méjì Tí Kò Yẹ Ká Dàpọ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Bí wọ́n bá ní àrùn kan ń pọ̀ sí i, ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé: àwọn wo ló ń pọ̀? Ṣé àwọn tó ń kó o ni, àbí àwọn tó ń bá a gbé? Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ lè kó owó àti òṣìṣẹ́ lọ síbi tí kò yẹ.

Ẹ wo gbọ̀ngàn tí a wà yìí. Ẹni tó bá ka àwọn tó jókòó ní aago mẹ́wàá máa rí iye kan. Ẹni tó ti ń ka àwọn tó ń wọlé láti àárọ̀ máa rí iye mìíràn, torí àwọn kan ti wọlé, wọ́n sì ti bá tiwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn rí, àfi pé ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà jáde níbẹ̀: ìwòsàn àti ikú.

Ká ní ìlú kan ní 10,000 ènìyàn, tí 200 ti ní àrùn kan tí kì í lọ bọ̀rọ̀ nígbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀. Ìdá 2 nínú 100 nìyẹn. Kí ọdún tó parí, 49 mìíràn kó o. Ibí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé: ọ̀pọ̀ á fi 10,000 pín 49. Ẹni tó ti ní àrùn náà kò tún lè ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, nítorí náà a ó yọ 200 kúrò, á ku 9,800. 49 nínú 9,800 jẹ́ 5 nínú 1,000 lọ́dún. Ẹ má sì fi “lọ́dún” yẹn sílẹ̀. 5 nínú 1,000 lóṣù kan, ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá ni.

Bí àrùn ṣe ń pẹ́ tó lára ló so òǹkà méjèèjì pọ̀. Bí 50 bá ń kó o lọ́dọọdún, tó sì ń gba ọdún 4 lára ẹnì kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 200 la ó máa bá nílẹ̀. Wàyí o, oògùn kan dé tí kò wò ó sàn, ṣùgbọ́n tó jẹ́ kí aláìsàn lo ọdún 8. Díẹ̀díẹ̀, 200 á di 400. Ẹni tí kò mọ̀ á pariwo pé oògùn ò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an ló sọ wọ́n di púpọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí HIV nìyẹn lẹ́yìn tí ìtọ́jú alápapọ̀ oògùn dé ní 1996. Ní 2023, UNAIDS, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀rọ̀ HIV, fojú bù ú pé mílíọ̀nù 39.9 ènìyàn ló ń bá a gbé lágbàáyé, nígbà tí mílíọ̀nù 1.3 ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o. Àwọn tó ń bá a gbé pọ̀ ju ti 1996 lọ, àwọn tó ń kó o sì ti dín kù gidigidi. Ìròyìn ayọ̀ ni mo ka pípọ̀ yẹn sí.

Onígbáméjì yàtọ̀. Ọjọ́ mélòó kan ló ń lò, nítorí náà ẹni tó kàn yọjú lọ́jọ́ kan ṣoṣo lè bá ènìyàn díẹ̀, kó sì rò pé kò ṣe bàbàrà. Ẹnu ọ̀nà ni ká ti ka irú rẹ̀.

Ti ìdàgbàsókè ọmọ náà rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ oṣù 6 sí 59 tí okùn ìwọ̀n bá fi hàn pé àyíká apá òkè rẹ̀ kò tó mílímítà 115 ti rù kọjá ààlà, ó sì nílò ìtọ́jú kíákíá. Ṣùgbọ́n rírù ń wá, ó ń lọ láàárín oṣù díẹ̀. Iye tí a bá rí lọ́jọ́ kan kò tó fi ra oúnjẹ ìtọ́jú ọdún kan. Kíkúrú ju ọjọ́ orí lọ ní tirẹ̀ máa ń pẹ́ lára, òǹkà ọjọ́ kan sì lè gbé e yọ, bí a bá wọn ọmọ dáadáa. Ìdùbúlẹ̀ la fi ń wọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2. Ìdúró la fi ń wọn èyí tó ti pé. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 bá kọ̀ láti dùbúlẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n lórí ìdúró, kí ẹ sì fi sẹ̀ǹtímítà 0.7 kún un. Bí ẹ bá gbàgbé 0.7 yẹn, ọmọ tí ìdàgbà rẹ̀ kò ní àbùkù lè bọ́ sínú àwọn tí ẹ kọ sílẹ̀ pé wọ́n kúrú.