Òjìji Ọmọ Náà Dà? Ọ̀rọ̀ lórí títo àwòrán kàtúùnù pọ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ṣe fíìmù kàtúùnù yín àkọ́kọ́, ẹ kú ìjókòó.

Òṣogbo ìlú aró la wà, nítorí náà ìdí aró ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí aládìrẹ ẹlẹ́kọ bá ti fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun, ibi tí ẹ̀kọ bò, aró ò ní wọ ibẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ni nọ́ńbà tí à ń pè ní alpha ń ṣe nínú kọ̀ǹpútà bí a bá ń to àwòrán lé ara wọn. Yàtọ̀ sí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, pixel kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, ní nọ́ńbà kẹrin tó ń sọ bí ó ṣe bo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó. 0 kò bo nǹkan kan, 1 bò ó pátápátá. Thomas Porter àti Tom Duff ló kọ ìṣirò rẹ̀ sílẹ̀ kedere ní 1984.

Etí irun àti etí gèlè ló máa ń wà láàárín 0 sí 1, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí orí ọmọ ká, ẹ má bá ẹni tó yà á jà. Àwòrán náà ti pò mọ́ dúdú tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀. Nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe kàtúùnù, ẹ yí alpha rẹ̀ sí premultiplied, ìyẹn ni pé a ti fi alpha sọ àwọ̀ rẹ̀ di púpọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ tún un wò.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé iṣẹ́ wọn wá fún mi: ọmọdébìnrin kan ń pọn omi létí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n ya igi dáadáa, wọ́n ya ọmọ náà dáadáa, síbẹ̀ ṣe ló dà bí àwòrán tí wọ́n gé nínú kàlẹ́ńdà lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo bi wọ́n pé, òjìji rẹ̀ dà? Kò ní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀.

A fi òjìji sí i: ó dúdú kirikiri níbi tí àtẹ́lẹsẹ̀ ti kan iyẹ̀pẹ̀, ó sì ń ṣá bó ṣe ń jìnnà. Lẹ́yìn náà la wo ìró funfun tó ró. Ẹ wọ igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, kí ẹ na áńkáṣíìfù funfun síwájú lábẹ́ igi. Àwọ̀ ewé á hàn lára rẹ̀. A kun díẹ̀ nínú àwọ̀ yẹn sí ìró ọmọ náà. Igi ọ̀ọ́kán náà ò gbọdọ̀ dúdú tó ti ìtòsí; afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ń fọ dúdú rẹ̀, bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe sí òkè. Èyí ló wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí.

Títo nǹkan sí ìpele ìpele kì í ṣe tuntun. Lotte Reiniger ní Jámánì ti to gíláàsì lé ara wọn fún fíìmù tó gbé jáde ní 1926.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ jáde bíi fídíò kan ṣoṣo. Ìṣẹ́jú àáyá 12, ní fíréèmù 24 (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan tó ń di fídíò) fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, jẹ́ fíréèmù 288. Ẹ kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan ní PNG, irú fáìlì àwòrán kan. Bí iná bá lọ lẹ́yìn tí 200 ti jáde tán, ẹ ó máa bá a lọ láti 201. Èmi pàdánù iṣẹ́ odindi òru kan lọ́nà yìí rí, mo sì sunkún.

Ó yá, ẹ tan kọ̀ǹpútà yín. Orí òjìji la ó ti bẹ̀rẹ̀.