Ta Ló Sọ Gregor Di Kòkòrò? Bí A Ṣe Ń Ka Ìtàn Tí Kò Sọ Ìdí

Ẹ káàbọ̀ o. Ọkùnrin kan jí láàárọ̀, ó rí i pé òun ti di kòkòrò ńlá. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti le, ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́ sì ń mì lójú rẹ̀ tí kò lè dá wọn dúró. Ẹ wo ohun tó wá ń dà á láàmú: ọkọ̀ ojú irin. Aago mẹ́rin ló yí agogo sí kó lè jí, ọkọ̀ aago márùn-ún ló yẹ kó wọ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ sì ti kọjá. Kí ni ọ̀gá máa sọ níbi iṣẹ́?

Gregor Samsa lorúkọ rẹ̀, aṣọ ló ń polówó láti ìlú dé ìlú. Franz Kafka ló kọ ìtàn náà, tí wọ́n mọ̀ sí The Metamorphosis ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìlú Prague ni, èdè Jámánì ló sì fi ń kọ̀wé. Ọdún 1915 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Àwa tí wọ́n fi àlọ́ tọ́ dàgbà, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, ta ló ṣe é? Ṣé èpè ni àbí ọwọ́ ayé? Nínú ìtàn Ọya, awọ ẹfọ̀n wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rí ibi tí wọ́n fi awọ náà pamọ́ sí ti mọ àṣírí ọ̀rọ̀. Ti Gregor kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tó fà á, kò sì sí ẹbọ tó lè tú u. Òǹkàwé tó bá ń wá ọ̀tá Gregor kiri máa ka ìwé náà tán lọ́wọ́ òfo, á sì ti fo ohun tó wà níbẹ̀ gan-an, ìyẹn bí ará ilé ṣe ń yí padà. Bàbá tó ti jókòó tẹtẹrẹ sílé tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó sọ èso ápù lu ọmọ rẹ̀, ọ̀kan wọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì jẹrà sí. Grete, àbúrò rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ fún un, ló padà sọ pé àfi kí àwọn bọ́ lọ́wọ́ nǹkan yìí.

Ọgbọ́n tó wà nídìí iṣẹ́ náà ni pé ohun kan ṣoṣo ni Kafka yọ kúrò: ìdí. Aago, owó oṣù, gbèsè tí bàbá jẹ, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn wà bí wọ́n ṣe máa ń wà. Ká ní gbogbo nǹkan ló dàrú ni, a ó pè é lálàá, ọkàn wa á sì balẹ̀. Ohùn tó fi ń sọ ọ́ náà tutù. Kò pariwo, kò ṣe hà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ya àwòrán sẹ́yìn ìwé náà, ó kọ̀wé sí àwọn atẹ̀wé pé kí wọ́n má ya kòkòrò yẹn rárá, ìbáà jẹ́ látòkèèrè.

Síbẹ̀, inú ìwé rẹ̀ tó dá lórí ẹjọ́, tí àwọn tó ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ sí The Trial, ni ọgbọ́n yìí ti dé góńgó. Ọdún 1914 ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò parí rẹ̀, Max Brod ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1925, ọdún kan lẹ́yìn tí Kafka kú. Kafka kàwé òfin. Láti 1908 títí di 1922, ilé iṣẹ́ adójútòfò fún àwọn òṣìṣẹ́ tó fara pa ló ti ń ṣiṣẹ́ ní Prague, nítorí náà ó mọ fáìlì dénú. Nínú ìwé náà, àárọ̀ ọjọ́ tí Josef K., ẹni tí ìtàn náà dá lé, pé ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n wá mú un. Wọn ò sọ ohun tó ṣe. Wọ́n tún ní kó máa lọ sí báńkì tó ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ Titorelli, ayàwòrán tó mọ àwọn adájọ́. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Èkíní ni ìdásílẹ̀ pátápátá, àmọ́ òun ò tíì rí ẹni kan tó rí irú rẹ̀ gbà. Èkejì ni ìdásílẹ̀ ojú lásán: wọ́n á ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n fáìlì rẹ̀ kò ní sinmi, á máa gòkè, á máa sọ̀ láti ọ́fíìsì kan sí òmíràn, títí adájọ́ kan á fi ṣí i, tí wọ́n á tún wá mú un. Ó lè débi pé kó dé ilé láti kóòtù kó bá wọn níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni pé kí wọ́n máa fi ẹjọ́ náà falẹ̀ ní ìpele ìsàlẹ̀. Ìyẹn gba pé kó máa lọ fojú hàn déédéé títí láé. Ẹ gbé ọ̀nà kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ibi tí wọ́n ń bọ́ sí ni kò sí.

Ọ̀pọ̀ máa ń kà á bíi pé ìjọba tó bàjẹ́ nìkan ló ń bú. Mo rò pé ìyẹn kéré. Ká ní ìbàjẹ́ lásán ni, ẹni tó bá mọ èèyàn á jàǹfààní. K. mọ èèyàn, ó ní lọ́yà, kò sì ràn án.

Ní ti Albert Camus, òǹkọ̀wé tí wọ́n bí sí Àlgéríà ní 1913, kò sí ìyanu kankan nínú ìwé rẹ̀ L'Étranger, tó jáde ní 1942. Ohun tó yọ ní tirẹ̀ ni "torí pé" tó máa ń so gbólóhùn kan mọ́ èkejì. Jean-Paul Sartre, onímọ̀ ọgbọ́n orí ọmọ ilẹ̀ Faransé, kíyè sí i ní 1943, ó ní erékùṣù ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá Meursault, ẹni tó ń sọ ìtàn náà, kú ní ilé àwọn arúgbó, ọmọ rẹ̀ mu kọfí oní-mílíìkì níbi tí wọ́n tẹ́ òkú sí, ó fa sìgá. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin ìyá tán, ó lọ lúwẹ̀ẹ́, ó sì wo fíìmù apanilẹ́rìn-ín pẹ̀lú obìnrin kan tó ń jẹ́ Marie. Nígbà tó yá, ó yìnbọn pa Lárúbáwá kan létí òkun: ìbọn kan, ó dúró, ó tún yin mẹ́rin.

Apá kejì ni kí ẹ fara balẹ̀ kà. Ní kóòtù, agbẹjọ́rò ìjọba kó kọfí, sìgá àti fíìmù yẹn jọ, ó fi "torí pé" há gbogbo àlàfo tí apá kìíní fi sílẹ̀. Ó ní ọmọ gidi ì bá kọ kọfí náà níwájú òkú ẹni tó bí i. Nígbà tí Meursault fúnra rẹ̀ ní oòrùn ló fà á, ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín. Àwa tí a wà níbẹ̀ nígbà tó ń mu kọfí mọ̀ pé àlàyé agbẹjọ́rò dùn, kò sì jóòótọ́. Nínú ìwé rẹ̀ mìíràn tó jáde lọ́dún 1942 kan náà, Camus ní àìnítumọ̀ kì í gbé inú ayé nìkan, kì í gbé inú èèyàn nìkan. Ìgbà tí èèyàn bá ń béèrè tí ayé sì dákẹ́ ló ń yọjú.

Tí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ mú ojú ewé kan nínú apá kìíní àti ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ agbẹjọ́rò yẹn, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí wọ́n ti sọ ìdí. Kí ẹ sì wá orúkọ ẹni tó kú. Ẹ ò ní rí i; "Lárúbáwá" ni wọ́n ń pè é ṣáá, kóòtù pàápàá fẹ́rẹ̀ẹ́ má rántí rẹ̀. Mi ò lè ka àìlórúkọ yẹn sí ọgbọ́n ìkọ̀wé lásán, torí pé Àlgéríà tí Faransé ń ṣàkóso ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀. Ní 2013, Kamel Daoud, ọmọ Àlgéríà, kọ ìwé kan tí àbúrò olóògbé ti ń sọ̀rọ̀. Musa ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ ka ti Camus tán, kí ẹ tó bọ́ sí tirẹ̀.