Ó Ń Dáhùn Ṣáínà, Kò Gbọ́ Ṣáínà

Ẹ sún mọ́ mi, yàrá kan wà tí mo fẹ́ mú yín wọ̀ lónìí.

Lọ́dún 1980, John Searle, filọ́sọ́fà kan ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, ní ká gbà pé wọ́n ti òun mọ́ yàrá. Kò gbọ́ èdè Ṣáínà rárá. Ó ní kò tilẹ̀ dá òun lójú pé òun lè dá ìwé Ṣáínà mọ̀ yàtọ̀ sí ti Jàpáánì. Àwọn èèyàn ń ti ìbéèrè tí wọ́n fi Ṣáínà kọ wọlé sí i. Ìwé òfin kan, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, wà níwájú rẹ̀: bí àmì tó rí báyìí bá wọlé, fi èyí tó rí báyìí ránṣẹ́ síta. Ó ń wo ìrísí, ó ń dá èsì padà. Àwọn tó wà níta kà á, wọ́n ní, "Háà, ọmọ Ṣáínà pọ́ńbélé ló wà níbẹ̀ yẹn!"

Searle ní bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe tiẹ̀ nìyẹn: ó ń dáhùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò yé e.

Ó dáa. Ibi tí ẹ ti máa ń ṣì í rèé. Gbogbo ìgbà tí mo bá sọ ìtàn yìí, ẹnì kan á ní, "Ṣùgbọ́n bọ̀dá, ChatGPT, kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ yẹn, ń dáhùn dáadáa o!" Olúwa ò! Searle ti gbà bẹ́ẹ̀! Ó GBÀ pé èsì yẹn ò lábùkù! Àtibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èsì tó dáa ṣe ẹ̀rí fún mi mọ́. Ọ̀rọ̀ kì í dédé yé, ẹnì kan ló máa ń yé. Ó yé mi, ó yé ẹ, ó yé wọn. Nínú yàrá yìí, TA LÓ YÉ?

Àwọn kan fèsì pé kì í ṣe ọkùnrin yẹn nìkan. Òun, ìwé òfin, bébà, gbogbo yàrá náà lápapọ̀ ló gbọ́ Ṣáínà. Searle ní, kò burú, ẹ jẹ́ kí n há ìwé òfin náà sórí, kí n jáde sí gbangba. Kò sí yàrá mọ́, kò sí ìwé. Síbẹ̀ mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ilé kéwú ni mo máa ń rántí tí mo bá dé ibí yìí. Kí n tó pé ọmọ ọdún méje, mo ti há Fátíà sórí. Ẹ jí mi lóru, màá kà á geerege. Tí mo bá sì fo háráfì kan, pàṣán alfa ti bà mí lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n fi Lárúbáwá tọrọ omi, ẹ ó kàn máa wojú mi ni. Gbogbo ẹ̀ wà lórí mi o, Lárúbáwá ni ò sí níbẹ̀.

Kíá, kí n tó gbàgbé: Searle ò sọ pé ẹ̀rọ ò lè ronú. Ó ní ẹ̀rọ ni ọpọlọ wa fúnra rẹ̀. Pé kí nǹkan kàn máa tẹ̀ lé òfin lórí àmì lásán ló ní kò tó.

Tí a bá wá fún kọ̀ǹpútà ní kámẹ́rà ńkọ́, ká fún un lẹ́sẹ̀, kó máa rìn kiri? Searle ní àmì lásán náà ni kámẹ́rà máa fi ránṣẹ́ sí i. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá bàbá yìí jiyàn níbẹ̀. Ìdí ni pé lọ́jọ́ kan, alfa na ife omi sí mi, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Lárúbáwá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn sì yé mi lójú ẹsẹ̀. Ojú mi ni mo fi rí i, kámẹ́rà náà ṣáà nìyẹn.

Àfi pé òùngbẹ ń gbẹ mí lọ́jọ́ náà.