Sòbìà Ti Lọ: Ta Ló Lé E?

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ipa ará ìlú nínú ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó. Sòbìà ni màá fi ṣàlàyé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ̀ ọ́n. Aràn funfun ni, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, ó sì lè gùn tó mítà kan. Inú omi adágún ló ti ń wọ ara, nípasẹ̀ kòkòrò bíńtín tó gbé ọmọ aràn náà mì. Ẹni tó mu omi yẹn kò ní mọ nǹkan kan fún bí ọdún kan. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ á wú, á léròrò, aràn á yọrí. Igi kékeré ni wọ́n máa ń fi ká a, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bó bá já sínú, wàhálà dé. Ojú egbò náà máa ń ta bí iná, aláìsàn á sì lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi kí ara lè tù ú. Níbẹ̀ gan-an ni aràn á ti da ọmọ rẹ̀ sínú omi tí gbogbo ìlú ń pọn.

Kò sí oògùn tó ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní in káàkiri Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ní oṣù kọkànlá 2008 ni wọ́n rí ẹni tó ní in kẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Enugu, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní 2013 pé a ti bọ́.

Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ ká wo Ìdèrè, nílẹ̀ Ìbàràpá. Àwọn télọ̀ ìlú ló rán aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ kòkòrò yẹn kúrò nínú omi mímu, àwọn ará ìlú tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń tà á fún aládùúgbò wọn. Ọ̀pọ̀ àgbà gbà nígbà náà pé ara gbogbo èèyàn ni sòbìà ti wà. Bí àlejò láti Ìbàdàn bá ní kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á kí i dáadáa, wọ́n á fún un ní àga, wọ́n á sì máa ṣe tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tẹ́ ẹ jọ ń pọnmi mọ ilé tí asẹ́ ti ya, ó sì mọ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ wíwú yọ́ lọ sódò. Kò rọrùn láti purọ́ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a ti gbàgbé gbogbo èyí. Ẹ lọ sí ìgbèríko, ẹ ó rí bọ́hóòlù tí orúkọ olóṣèlú ṣì ń dán lára rẹ̀, tí omi ti dá lẹ́nu rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà kékeré kan ló jẹ nínú pọ́ńpù. Kò sẹ́ni tó ní sípánà, owó kò sì sí nílẹ̀. Ìlànà ìjọba ní kí ìlú ní ìgbìmọ̀ omi, WASHCOM ni wọ́n ń pè é, àmọ́ níbòmíràn orí ìwé nìkan ló wà, ọkùnrin tí kì í pọnmi ló sì kún inú rẹ̀. Èmi ò rí ọgbọ́n ibẹ̀. Obìnrin tó ń jí tò sídìí ẹ̀rọ kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ohùn pọ́ńpù bá ti yí padà. Òun ló yẹ kí wọ́n fi ṣe alága.

Ẹnì kan béèrè níbí pé ṣé iye kẹ́ẹ̀gì ni kí wọ́n máa gba owó àtúnṣe ẹ̀rọ lé ni, àbí kí ilé kọ̀ọ̀kan máa san án lóṣooṣù. Níbi tí owó kì í wọlé àfi nígbà ìkórè, ẹ gbà á nígbà ìkórè. Níbi tí wọ́n ti ń tajà lójoojúmọ́, kẹ́ẹ̀gì ló rọrùn. Kí wọ́n ṣáà máa ka owó náà lójú ìlú, kí ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ mú má sì jẹ́ ẹni tó ń pa owó mọ́.